Ta Ló Ni Ìdáríjì?

 

Ọ̀rọ̀ òfin ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ó rú yín lójú, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún un kà.

Ìbéèrè wa nìyí. Bí ẹnìkan bá pa ènìyàn, tàbí tí ó ṣe ènìyàn léṣe nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, tí ilé ẹjọ́ sì ti rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, ta ni ó lè sọ fún un pé, "Ó tó, máa lọ sílé"? Ṣé olórí orílẹ̀-èdè nìkan ni? Ṣé àwọn aṣòfin tí ará ìlú yàn ni? Ṣé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi abúlé ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn ọmọkùnrin kan bínú nítorí ọ̀rọ̀ oyè. Wọ́n dáná sun ahéré kan ní òru. Ọkùnrin tí ó sùn nínú rẹ̀ kú. Ìlú mú wọn, ìlú dá wọn lẹ́jọ́, ìlú fìyà jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ kan, kí ìyà náà tó pé, baálẹ̀ jí ní òwúrọ̀, ó ní, "Mo ti dárí jì wọ́n." Kò pe àwọn ìjòyè. Kò rán ẹnikẹ́ni sí opó ọkùnrin tí ó kú. Opó náà ru omi bọ̀ láti odò, ó kàn pàdé àwọn tí ó pa ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà ni.

Kí ni àwọn ìjòyè yóò ṣe? Bí ó bá jẹ́ pé baálẹ̀ nìkan ni àṣà fún ní agbára ìdáríjì, wọn kò lè dá àwọn ọmọ náà padà sínú ìyà. Ṣùgbọ́n ṣé kí wọ́n dákẹ́ ni?

Ẹ fi opó yìí sọ́kàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1999 jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

ÌDÁRÍJÌ ORÍṢI MÉJÌ

Kí á tó lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí á mọ ọ̀rọ̀ méjì tí a máa ń gbọ́ nínú rédíò.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni grâce. Bí Ààrẹ bá fún ẹlẹ́wọ̀n ní grâce, ẹjọ́ tí wọ́n dá fún un ṣì wà, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Ìyà nìkan ni wọ́n mú kúrò tàbí tí wọ́n dín kù. Ní ilẹ̀ Benin, òfin ńlá ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 fi agbára yìí sí ọwọ́ Ààrẹ. Ẹ lè rí i ní ìpín 60.

Ọ̀rọ̀ kejì ni amnistie. Èyí jù ti ìṣáájú lọ. Ó ń nu ẹ̀ṣẹ̀ náà rẹ́ nínú ìwé, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Nítorí náà, Ààrẹ nìkan kò lè ṣe é. Òfin ni, àwọn aṣòfin ni ó sì gbọ́dọ̀ dìbò fún un. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ dìbò fún irú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí ìwà ipá tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbò aṣòfin ọdún náà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹnìkan, èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ńlá wọn tí wọ́n kọ ní ọdún 1787 fún Ààrẹ ní agbára ìdáríjì tí ó gbòòrò gan-an. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣẹ̀ sí òfin ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ lè dín ìyà rẹ̀ kù, ó sì lè dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà jì í. Kò pọn dandan kí ó bi àwọn aṣòfin. Ibì kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ kò dé: bí àwọn aṣòfin bá pe ẹnìkan lẹ́jọ́ láti yọ ọ́ lórí oyè, Ààrẹ kò lè fi ìdáríjì dí wọn lọ́wọ́. Bí Ààrẹ bá ti dárí jì, àwọn aṣòfin kò lè yí i padà.

ERÉKÙṢÙ PUERTO RICO

Erékùṣù kan wà nínú òkun nítòsí Kúbà. Puerto Rico ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Sípéènì ni ó ń ṣàkóso rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1898, Amẹ́ríkà bá Sípéènì jagun, ó sì gba erékùṣù náà. Láti ọdún 1917 ni àwọn ará ibẹ̀ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, àwọn tí ó ń gbé ní erékùṣù náà kì í dìbò yan Ààrẹ Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ òmìnira. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìjọba amúnisìn jẹ́ kò ní sọ pé wọn kò ní ẹjọ́ láti rò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu àti pẹ̀lú ìbò. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ gbé ìbọn àti bọ́ǹbù.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1954, ènìyàn mẹ́rin lára irú wọn wọ ilé àwọn aṣòfin ní Washington, wọ́n sì yìnbọn. Aṣòfin márùn-ún ni ó fara gbọta. Ní ọdún 1979, Ààrẹ Carter dá àwọn tí ó ṣì wà ní ẹ̀wọ̀n nínú wọn sílẹ̀.

Ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ mìíràn jáde. FALN ni wọ́n ń pè é. Láàárín ọdún 1974 sí 1983, bọ́ǹbù tí ẹgbẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1975, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, bọ́ǹbù wọn dún ní ilé oúnjẹ kan ní New York. Fraunces Tavern ni orúkọ ibẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Àwọn tí ó fara pa ju 50 lọ. Ẹgbẹ́ náà kọ ìwé pé àwọn ni àwọn ṣe é. Ọmọ ọdún 9 ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí bàbá wọn kú ní ọjọ́ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1982 parí, bọ́ǹbù mìíràn ṣe ọlọ́pàá mẹ́ta léṣe gidigidi ní New York. Ọ̀kan pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, ọlọ́pàá mú 11 nínú wọn ní ìlú Evanston. Wọ́n tún mú àwọn mìíràn lẹ́yìn náà. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi pé wọ́n gbìmọ̀ láti fi ipá dojú kọ ìjọba, pé wọ́n kó ohun ìjà jọ, àti àwọn ẹ̀sùn mìíràn. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ju ọdún 50 lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ilé ẹjọ́ kò dá wọn lẹ́bi pé ọwọ́ wọn ni ó pa ènìyàn. Títí di òní, kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí bọ́ǹbù ilé oúnjẹ náà.

ÌDÁRÍJÌ ỌDÚN 1999

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1999, Ààrẹ Clinton kéde pé òun fẹ́ ṣàánú fún 16 nínú wọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kọ ìwà ipá sílẹ̀.

Àwọn èèyàn pàtàkì ti bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Ààrẹ àtijọ́ Carter wà lára wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu ti ilẹ̀ South Africa wà lára wọn. Coretta Scott King, opó Martin Luther King, wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀wọ̀n náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ rí lọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo bí ọdún 19 ní ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ni. A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹnu ìhà kejì. Àwọn ọlọ́pàá kọ̀. FBI, ilé iṣẹ́ tí ó ń wádìí ọ̀ràn fún ìjọba àpapọ̀, lòdì sí i. Ohùn tí ó wọ àwọn ènìyàn lára jù ni ti ẹbí àwọn tí ó kú àti ti àwọn tí bọ́ǹbù gé lẹ́sẹ̀ tàbí tí ó fọ́ lójú. Wọ́n ní, "Ẹ kò bi wá. Ẹ kò sọ fún wa. A ń sunkún òkú wa, ẹ̀yin ti parí ọ̀rọ̀ láìsí wa níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ní àkókò náà, ìyàwó Ààrẹ ń múra láti du ipò sẹ́nétọ̀ ní New York. Àwọn ọmọ Puerto Rico tí ó ń dìbò pọ̀ ní ìlú náà. Àwọn kan ní torí ìbò ni Ààrẹ ṣe ṣàánú. Ààrẹ ní irọ́ ni. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìyàwó rẹ̀ pàápàá sọ pé kí wọ́n mú àánú náà kúrò.

OHUN TÍ ÀWỌN AṢÒFIN ṢE

Ilé aṣòfin méjì ni ó wà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ni ilé àwọn aṣojú. Èkejì ni Sẹ́nétì, ilé àwọn àgbà aṣòfin.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ilé àwọn aṣojú dìbò lórí ìwé kan tí ó sọ pé Ààrẹ kò yẹ kí ó ṣe irú àánú yìí. Àwọn 311 ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn 41 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn 72 ní àwọn wà níjòókòó, ṣùgbọ́n àwọn kò ní mú ìhà kankan.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 10, àwọn 11 jáde ní ẹ̀wọ̀n.

Ní ọjọ́ 14, Sẹ́nétì náà dìbò láti bá Ààrẹ wí. Àwọn 95 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni méjì péré ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹgbẹ́ tí ó ń bá Ààrẹ díje ni ó pọ̀ jù nínú ilé méjèèjì nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan kò lè dá ìbò 95 nínú 97 kó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀ dìde, wọ́n ní, "Tiwa ni ọ́, ṣùgbọ́n èyí kò dára."

KÍ NI ÌWÚLÒ RẸ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti lọ sílé. Ìbò náà kò dá ẹnikẹ́ni padà. Ẹnu lásán ni."

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹ jẹ́ kí á ka ìwúlò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìkíní: ẹ̀rí ni. Yorùbá ní aṣu kì í rántí, akó kì í gbàgbé. Ẹni tí ó ṣe ọṣẹ́ á máa yá láti sọ pé ó ti kọjá. Ẹni tí ọṣẹ́ dé bá kò lè gbàgbé. Nígbà tí àwọn aṣòfin dìbò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó kú kì í ṣe omi. Opó tí kò ní agbára láti dé ààfin gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó yàn.

Ìkejì: ìbéèrè ni. Àwọn aṣòfin pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba síwájú wọn. Wọ́n bi wọ́n pé, "Ta ni ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ni ẹ mọ̀ kí ẹ tó ṣe é?" Ààrẹ kò fún wọn ní gbogbo ìwé tí wọ́n bèèrè. Ó ní òfin fún òun ní ẹ̀tọ́ láti pa ìmọ̀ràn tí wọ́n gba òun mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ayé gbọ́ ìbéèrè náà. Ẹni tí ó mọ̀ pé wọn yóò bi òun, á ronú kí ó tó ṣe.

Ìkẹta: ó ń tún ọ̀nà ṣe fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà tuntun. Bí ẹlẹ́wọ̀n kan bá tọrọ ìdáríjì fún ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ó ṣe ẹlòmíràn léṣe, bí ó bá yẹ, kí wọ́n gbìyànjú láti sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí òun náà lè sọ ti ẹnu rẹ̀. Ìlànà náà kò de Ààrẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó jìyà ní ìjókòó níbi ọ̀rọ̀ náà.

NÍGBÀ TÍ ẸGBẸ́ BÁ DI ẸNU

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àpẹẹrẹ kejì, ní orílẹ̀-èdè kan náà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó láti parí kíka ìbò Ààrẹ. Biden ni ó wọlé. Àwọn kan tí wọ́n fẹ́ràn Trump, Ààrẹ tí ìbò gbé kúrò, fi ipá wọ ilé aṣòfin náà láti dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn aṣòfin sá. Ọlọ́pàá bí 140 ni ó fara pa. Lẹ́yìn náà, ìjọba gbé àwọn tí ó ju 1,500 lọ sí ilé ẹjọ́.

Ní ọdún 2024, Trump tún wọlé ìbò. Ní ọjọ́ tí ó gorí oyè, ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, ó dárí ji àwọn bí 1,500. Àwọn 14 mìíràn, ó gé ẹ̀wọ̀n wọn kúrú. Àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé wọ́n lu ọlọ́pàá wà lára wọn. Kò ní kí wọ́n kọ ìwà ipá sílẹ̀ kí ó tó dárí jì wọ́n. Ó ní ìyà tí wọ́n jẹ wọ́n kò tọ́.

Ní oṣù kan náà, àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ kejì gbé ìwé kan wá láti sọ pé ìdáríjì fún àwọn tí ó lu ọlọ́pàá kò dára. Àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Ààrẹ fi ẹnu sọ pé inú àwọn kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò kọjá. Ẹgbẹ́ Ààrẹ ni ó pọ̀ jù nínú ilé méjèèjì.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Ní ọdún 1999, bọ́ǹbù dún ní ilé oúnjẹ, ọ̀pọ̀ aṣòfin ẹgbẹ́ Ààrẹ sì bá Ààrẹ wọn wí. Ní ọdún 2025, ilé àwọn aṣòfin fúnra wọn ni wọ́n fọ́, ọlọ́pàá tí ó dúró láti gba ẹ̀mí wọn là ni wọ́n lù. Síbẹ̀ ilé náà kò lè fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Kí ni ó fà á? Òfin kò yí padà. Agbára Ààrẹ kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni pé àwọn aṣòfin fi òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ wọn ọgbẹ́ ènìyàn.

Ẹ̀yin ará, ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni tí ó lu ọlọ́pàá bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ mi, tí mo ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, tí ó bá sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, tí mo ní kí ó jẹrà sí ẹ̀wọ̀n, òótọ́ kò sí lẹ́nu mi. Ẹni tí ó fẹ́ lo ìwà ipá lọ́la ń wò wá lónìí. Bí ó bá rí i pé ẹgbẹ́ yóò gbà á sílẹ̀, kí ni yóò bà á lẹ́rù?

KÍ NI KÍ Á ṢE?

A kò sọ pé ìdáríjì kò dára. Rárá o. Ìdáríjì ń parí ogun. Ìdáríjì ń jẹ́ kí ọmọ tí ó ṣìnà padà sílé. Ìlú tí kò mọ̀ ọ́n dárí jì kò ní sinmi ìjà. Ohun tí a ń sọ ni pé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Bí òfin tilẹ̀ fi ìdáríjì sí ọwọ́ ẹnìkan, ó yẹ kí ọ̀pọ̀ etí gbọ́ ọ, kí ọ̀pọ̀ ẹnu sì bèèrè.

Bí ẹni tí ó fẹ́ di aṣòfin bá wá sí abúlé yín láti tọrọ ìbò, ẹ má ṣe gba aṣọ àti iyọ̀ nìkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí:

1. Bí ìjọba bá fẹ́ dárí ji ẹni tí ó pa ènìyàn nítorí ìṣèlú, ṣé wàá bèèrè bóyá wọ́n ti gbọ́ ti ẹnu ẹbí ẹni tí ó kú?

2. Ṣé wàá bèèrè bóyá ẹni náà ti kọ ìwà ipá sílẹ̀?

3. Bí ó bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tìrẹ ni ó ṣe ìdáríjì tí kò tọ́, ṣé wàá lè dìde ní gbangba kí o sọ pé kò tọ́?

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù. Ẹ tẹjú mọ́ ojú rẹ̀ bí ó bá ń dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì ìwé kíkà, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ opó tí ó ń bọ̀ láti odò. Kí ẹnìkan ṣe baálẹ̀, kí àwọn mìíràn ṣe ìjòyè, kí ìyá kan sọ̀rọ̀ bí opó. Kí àwọn ẹbí àwọn ọmọ tí ó wà nínú ìyà náà sọ tiwọn. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀: kí ni baálẹ̀ ìbá ti ṣe kí ó tó dárí jì?

Ẹni tí ó bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí tán, kí ó kà á sí etí ẹni tí kò tíì mọ̀wé.